Ọwọ́ Yín Tó Wà Lókè Ilẹ̀kùn

Bàbá Kúnbi, ọdún mẹ́rin pé lónìí tí ẹ ti fi wá sílẹ̀. Àwọn ọmọ ní èmi ni kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí tọdún yìí, wọ́n ní èmi ni mo mọ̀ yín jù. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì lè sọ lójú wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé fún yín ná.

Kúnbi ti di ọ̀gá ní báǹkì wọn ní Wuse. Nehemiah ti gbéyàwó ní Kánádà, wọ́n ti bí obìnrin, Hadassah ni wọ́n sọ ọ́. Ọmọ náà jọ yín débi pé kò sẹ́ni tó lè jiyàn. Mo dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀. Orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn mọ́. Àtẹ̀gùn ilé tí ẹ kọ́ sí Jikwoyi yìí ti di òkè fún mi, yàrá márùn-ún sì pọ̀ jù fún arúgbó kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹnu kò pé ká tà á, kí n lọ gba ilé kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kúnbi ní Kabusa.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní bínú sí ìyẹn. Ẹ máa ń sọ pé ilé la fi ń sinmi, a kì í torí ilé fi ara jìyà. Ohun tó tẹ̀lé e ló ń dùn mí.

Ọmọbìnrin kan tó ń bá èèyàn ta ilé, Beatrice lorúkọ rẹ̀, ní a gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ilé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí oníbàárà tó wá. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ rà á kò gbọdọ̀ rí wa níbẹ̀ rárá, òfo ni kó rí. A kó kàlẹ́ńdà ìjọ kúrò lára ògiri. A kó fọ́tò ìgbéyàwó wa, a kó aago ìrántí ìsìnkú yín tí ojú yín wà nínú rẹ̀, a di gbogbo rẹ̀ sínú àpò. Kódà, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ọ̀dà pupa kọ sára fẹ́ǹsì pé ilé yìí kì í ṣe títà, kí àwọn oníjìbìtì má baà tà á mọ́ wa lórí, a kùn ún. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ẹ̀yin náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Àfi ìgbà tí Beatrice gbójú sókè wo ilẹ̀kùn pálọ̀.

Ẹ rántí ìjà wa. Lọ́dọọdún, ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní ọdún, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, ẹ máa ń da òróró àdúrà sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ máa ń gbé e lé àtẹ́rígbà, lára ògiri òkè ilẹ̀kùn yẹn, ẹ máa ń dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ fi ṣe é lójú kan náà. Ọwọ́ yín yọ níbẹ̀, ìka márààrún, ó ti di àwọ̀ tíì. Èmi ni mo máa ń ráhùn. Mo ní ẹ ti ba ọ̀dà mi jẹ́, mo ní ṣé bí ẹ ò bá da epo sí ògiri, Ọlọ́run ò ní rí ilé wa ni. Ẹ kàn máa ń bọ́ sí ilé ìdáná lọ fọwọ́.

Beatrice ní kámẹ́rà yóò mú àbàwọ́n yẹn. Pẹ́ńtà tí a pè kùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó gbẹ, ọwọ́ yín yọ padà. Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó tún yọ. Ó ní kai, Màmá, ògiri tó bá ti mu òróró kì í gba ọ̀dà mọ́, àfi ká fá a dénú. Àwọn méjèèjì wá yíjú sí mi.

Ó yẹ kí n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò torí ìyẹn kọ ilé. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí níwájú ọmọ yẹn, kó má lọ rò pé ọ̀bùn ni wá. Mo ní kí wọ́n fá a. Wọ́n fi irin fá a, wọ́n fi sánpépà ha á, ó di eruku sílẹ̀. Èmi náà ni mo gbá a, tí mo lọ dà á nù.

Fọ́tò náà dára o. Ilé funfun báláú. Kúnbi fi í sórí Wasáàpù ẹbí, gbogbo ará ilé ń yìn ín, àfi Nehemiah. Ọmọ tó ti pẹ́ tó ti ń fi òyìnbó dá mi lóhùn, Yorùbá ló fi kọ ọ́, ó béèrè pé ọwọ́ Dádì dà. Ó ní òun fẹ́ gbé Hadassah wá ní Kérésì kí ilé tó kúrò lọ́wọ́ wa, kí òun gbé e sókè kó gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé e, nítorí kò rí bàbá àgbà rẹ̀ rí.

Ọjọ́ mọ́kànlá nìyẹn, mi ò tíì fèsì. Wọ́n rò pé pẹ́ńtà ló ṣèèṣì, wọ́n ń bú ọmọ ọlọ́mọ, mo dákẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ka èyí, wọ́n á mọ̀. Èmi Lydia ni mo ní kí wọ́n fá a, Nehemiah, má bínú sí ẹlòmíràn.

Bàbá Kúnbi, ẹ foríjì mí. Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ fi ń dárúkọ mi lábẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, ọ̀dà ni mo ń wò, mi ò ṣe àmín kan tó dénú. Àárò yín ń sọ wá, àwọn ọmọ àti èmi. Mo fẹ́ràn yín, ó sì yẹ kí n ti sọ ọ́ nígbà tí ẹ ṣì ń gbọ́.