Ẹṣin Tí Kò Lè Dá Sùn

                                        Ilé Ẹṣin,
                                        Òpópónà Kejì, Lẹ́yìn Odò.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ara yín le? Ìyàwó wa ńkọ́? Ṣé eyín àbíkẹ́yìn yín ti hù, àbí èrìgì ló ṣì fi ń rẹ́rìn-ín? Àwa náà dúpẹ́. Ẹ̀yìn nìkan ló ń ro mí, ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé ẹṣin kò sì lè ṣe kí ẹ̀yìn má ro ó.

Ọ̀rọ̀ Bàbá tí ẹ béèrè ni mo fẹ́ fèsì sí. Lóòótọ́ ni, láti ìgbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ kíkan irin sí pátákò ẹṣin sílẹ̀, inú yàrá ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń wo ògiri. Bí mo bá ní kí wọ́n jáde, wọ́n á ní, "Kí ni mo fẹ́ lọ wò?"

Lóṣù tó kọjá, ẹṣin tó jẹ́ ẹnìkejì àgbà abo ẹṣin wa kú. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi jọ gbé. Láti ìgbà náà, orúnkún rẹ̀ á kàn yẹ̀ lójijì, á fi imú gbálẹ̀. Ọ̀gá ní ó ti gbó, pé kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tí yóò fi kú wọ́ọ́rọ́wọ́.

Dókítà ẹranko ló gbà á sílẹ̀. Ó ní àìsùn ló ń ṣe é. Ẹṣin lè tòògbé lórí ìdúró, ṣùgbọ́n kò lè sun oorun àsùnwọra àfi tó bá dùbúlẹ̀, kì í sì í fẹ́ dùbúlẹ̀ bí kò bá rí ẹni ṣọ́ ọ. Ó ní ìbẹ̀rù ẹranko apẹran ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kí ọmọ ènìyàn tó fi ìjánu sí wọn lẹ́nu. Ẹnìkan kì í kúkú jẹ́ àwádé. Ọ̀gá fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì láti wá ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.

Mo kàn fi ṣe ìròyìn fún Bàbá ni. Wọ́n dìde, wọ́n ń wá bàtà.

"Èmi ni mo kan irin àkọ́kọ́ sẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ó mọ òórùn mi."

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, wọ́n á gbé àga lọ sọ́dọ̀ ẹṣin náà. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ẹṣin kàn ń wò wọ́n. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gbọ́ tí Bàbá ní, "Sùn, jàre. Mo wà níbí." Ẹṣin yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó kúnlẹ̀, ó sì na ara sílẹ̀ gbalaja. Láti ìgbà náà ni orúnkún rẹ̀ kò ti yẹ̀ mọ́, Ọ̀gá kò sì dárúkọ abẹ́rẹ́ mọ́.

Lánàá mo gbé omi lọ, mo bá àwọn méjèèjì tí wọ́n ń hanrun. Mo rọra gbé korobá sílẹ̀, mo jókòó sórí koríko, mo ń ṣọ́ wọn.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Bàbá ní kí n sọ fún yín pé àwọn kò ráyè kọ̀wé báyìí. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ àwọn.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Adúmáadán.