Irin Kékeré Inú Ẹ̀rọ Ìyá

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Orúnkún Ìyá ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ojú wọn ń ṣe bàìbàì sí i.

Oṣù méjì ni mo fi ha ìpẹtà ara ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ tí Ìyá fún mi. Mo rọ epo sí i, mo pààrọ̀ bẹ́líìtì. Ó ń yí, kò rán. Irin kékeré tí bọ́bìn òwú ìsàlẹ̀ ń wọ̀ sí ni kò sí níbẹ̀.

Ìyá wá jẹ́wọ́ pé àwọn rí ọ tí o yọ ọ́ sápò láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò rẹ. Ìwọ tí o ò mọ bọ́tìnì í rán! Wọ́n ní kí n má bi ọ́, kí o má baà parọ́.

Mi ò bi ọ́. Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ṣáà fi í ránṣẹ́ nígbà tí ojú Ìyá ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin