Ìkúnlẹ̀ Níwájú Fóònù

Màámi,

Ṣé ẹ̀fọn Ìbàfò ò yọ yín lẹ́nu? Òtútù Kánádà ò tíì pa ọmọ yín. Kámẹ́rà fóònù mi ló bàjẹ́ tí n ò fi gbé ìpè fídíò yín.

Mi ò wo fọ́tò ilé àti ìgbéyàwó àwọn ẹgbẹ́ mi lórí fóònù mọ́, torí ó máa ń jẹ́ kí n rò pé mo ti kùnà. Oúnjẹ tí n ò lè jẹ tẹ́lẹ̀ ti ń lọ lọ́fun mi báyìí.

Ìyá Yorùbá kan, dókítà tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn, ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọn ò sì rí mi mọ́.

"Ọmọ mi, ibo lo wọlẹ̀ sí?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi sunkún.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá Gbémiga. Kámẹ́rà kọ́ ló bàjẹ́, ọkàn mi ni; ó ti ń dáa. Ẹ pè mí, Màámi. Ilẹ̀ ni màá gbé fóònù sí, kí n lè kúnlẹ̀ kí yín, kí ẹ sì rí ojú mi.

Mọ́láyọ̀ yín.