Belmiro Kò Fẹ́ Ogun Angola

Ẹ̀gbọ́n mi Silvino,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ ní Faransé. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́. A ti pa ẹlẹ́dẹ̀ ọdún yìí.

Ẹ̀gbọ́n, Belmiro ọ̀rẹ́ mi ti kú. Bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ ló fà á ya ní Angola. Tipátipá ni ìjọba wa fi mú un lọ jagun níbẹ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ onílẹ̀ ni. Kí ni àwọn ará ibẹ̀ ṣe mí?"

Níbi ìsìnkú, ọ̀gá sójà kan sọ pé tayọ̀tayọ̀ ni Belmiro fi kú nítorí ilẹ̀ wa. Mo gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ bọ́ sórí pósí. Ìyá Belmiro pariwo pé, "Gbá a sí i!"

Ìwé tí wọ́n fi ń pè mí sógun ti dé. Mi ò ní lọ. Ẹ wá ibùsùn sílẹ̀ dè mí ní Faransé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí Màmá sin ọmọ.

Àbúrò yín,
Adérito