Òwìwí Tó Wà Lára Aṣọ Màmá: Ìgbésí Ayé Olóògbé Ìyáàfin Oyèbísí Adéṣẹ́gun

A bí Màmá wa ní ọdún 1951 ní Kẹ́mta, Abẹ́òkúta, sínú ìdílé Bàbá Jeremáyà Ṣówándé, káfíńtà, àti Màmá Sìlífátù, aláró pàtàkì ní Ìtòkú. Nídìí ìkòkò aró ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ fa ẹ̀kọ sára aṣọ, nítorí ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró kì í mú un.

Lẹ́yìn tí wọ́n ka ìwé mẹ́fà àti girama tán, wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ girama ní Ìbàdàn ní iṣẹ́ ọnà. Ní 1976 ni wọ́n fẹ́ Olóògbé Kọ́ládé Adéṣẹ́gun, awọnlẹ̀, ẹni tó máa ń ṣàwàdà pé àwọn ẹyẹ ara aṣọ ìyàwó òun ti fẹ́ lé òun jáde nílé. Olúwa fi ọmọ méjì ta wọ́n lọ́rẹ. Bàbá sùn nínú Olúwa ní 2012.

Ní 2014 ni Màmá wá bá Tèmidire, àbíkẹ́yìn wọn tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé ní Oakville, ní Kánádà. A rò pé òtútù yóò sé wọn mọ́lé. A tan ara wa jẹ ni. Láàárọ̀, wọ́n á jókòó sójú fèrèsé kíṣìnnì, wọ́n á máa ya ẹyẹ pupa tó ń ṣa hóró jẹ nínú àpótí tí wọ́n so mọ́ igi. Tí oòrùn bá ti yọ díẹ̀, wọ́n á wọ kóòtù lé kóòtù, wọ́n á wé gèlè lé fìlà òtútù, ó di etí adágún. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ onírù gígùn tó ń rì, tó ń yọ láàárín yìnyín, àti ẹranko kékeré onírun dúdú kan tó ń yọ́ ẹja gbé sábẹ́ òkúta. Wọ́n mọ̀ ọ́n débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Gbéwiri. Ìyá ẹgbẹ́ ni wọ́n ní ìjọ wa ní Toronto; aṣọ pẹpẹ tí ẹ ń wò níwájú yín, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ rí òwìwí lára aṣọ tó bo pósí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fòyà. Ó nídìí.

Nígbà òtútù tó parí ọdún 2018, Tèmidire wà nínú oyún tó ti ń retí tipẹ́. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ rí, ìbẹ̀rù sì wà nílé. Àsìkò náà gan-an ni òwìwí kan wá sọ igi ẹ̀yìnkùlé di ilé. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Yorùbá wo ni àyà rẹ̀ kò ní já? Ẹgbẹ́ aládùúrà wá da òróró sídìí igi, wọ́n gbàdúrà títí ètè fi gan. Ẹyẹ la ojú kan, ó tún pa á dé. Ni Tèmidire bá pe agégi.

Nígbà tí agégi fi máa dé, Màmá ti wà lórí àga lábẹ́ igi, kúbùsù lórí itan, ìwé ìyàwòrán lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Tèmi, eku ni ẹyẹ yìí ń jẹ. Tó bá sì jẹ́ èèyàn ló wá mú, èmi tí mo jókòó síbí ló máa kọ́kọ́ bá."

Tèmidire ń sunkún: "Mummy, ẹ wọlé, please. It's too cold. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Màmá kò wọlé. Agégi gbé ẹ̀rọ rẹ̀, ó lọ. Títí òtútù yẹn fi parí, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jókòó ti ẹyẹ náà, tí wọ́n ń yà á, tí wọ́n sì ń gbàdúrà fún ọmọ inú. Nígbà tí yìnyín yọ́, òwìwí bá tirẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, a bí Ìmọ́lẹ̀, tìyá-tọmọ yè.

Màmá fi òwìwí náà sára aṣọ aró. Tèmidire kò jẹ́ kó wọ yàrá ọmọ. Gáréèjì ni ó gbé e sí. Màmá kò bínú. Wọ́n ní aṣọ kì í kánjú.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yìí, Màmá fi ayé sílẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ó dùn wá gan-an. Wọ́n ti ní kí a fi aṣọ òwìwí bo àwọn, ṣùgbọ́n àwọn ẹbí Abẹ́òkúta pè wá pé èèwọ̀ ni. A ṣì ń rò ó nígbà tí Tèmidire dìde, ó gbé aṣọ náà wá láti gáréèjì, ó ń lọ̀ ọ́.

Ìmọ́lẹ̀ bi í pé, "Is that Grandma's owl?"

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Òun àti Grandma ni wọ́n jọ ṣọ́ ẹ."

Màmá fi ọmọ méjì sáyé lọ, Súnkànmí ní Newmarket àti Tèmidire, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, Jọláolúwa àti Ìmọ́lẹ̀, àti àwọn àbúrò àti ẹbí nílé.

Màmá, ẹ sùn re o, níbi tí òtútù kò sí, tí ẹnikẹ́ni kì í lé ẹyẹ.