Orí Ni Kò Jẹ́ Kí Mọ́tò Rẹ Sítáàtì

Àkọ́bí mi obìnrin,

Kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà o. Bí ó bá sì dé tí àlàáfíà ṣì wà lọ́nà, kí ìwé náà dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn kí àlàáfíà kọ́kọ́ wọlé. Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Olúwa á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ gbogbo yín.

Kí n tètè sọ ọ́ kí àyà rẹ má baà já: wọ́n ti ṣe ojú ìyá rẹ, ó sì ti ń ríran. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kí a má débẹ̀, mọ́tò tí o fi sílẹ̀ fún wa ló fẹ́ kó bá wa.

O mọ̀ pé dókítà ojú yẹn kì í ṣe ará ibí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá, wọ́n sì ti sọ fún wa pé ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ láàárọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ojú ìyá rẹ kò sì lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó ti ń da iyọ̀ sínú tíì, ó sì ti kí ẹ̀wù tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn káàárọ̀, ó tún ń bínú pé kò dá òun lóhùn.

A ti múra lọ́jọ́ náà, ó ti jókòó sí iwájú mọ́tò, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, mo wá yí kọ́kọ́rọ́. Iná iwájú tàn, fèrè ń dún, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kò dìde, kẹ̀ nìkan ni mo gbọ́. Mo bi ara mi pé ohun tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì já gaara, kí ló tún ń ṣe é? Mo wo epo, epo wà. Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ ní kí n yé bẹ irin, kí n pe Rewáyà, ọkùnrin tó ń bá ọ tún iná mọ́tò ṣe, tí o fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú fóònù mi.

Rewáyà ní òun wà lọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n kí n sọ bó ṣe ń dún. Ó ní ṣé ẹ̀ẹ̀kan ló dún gbì, àbí ó ń dún léraléra. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan ni. Ìyá rẹ pariwo láti inú mọ́tò pé irọ́ ni, pé kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀ ló ń ṣe, bí eyín ẹni tí òtútù mú. Mo ní ta ló ń wakọ̀ nínú àwa méjèèjì? Ó ní etí kọ́ ni dókítà fẹ́ bá òun ṣe. Mo tún yí kọ́kọ́rọ́, àfi kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Mi ò bá a jiyàn mọ́. Rewáyà ní kí a dúpẹ́, pé tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan gbì ni, kíkì tó ń jí ẹ́ńjìnnì ni ì bá bàjẹ́, à bá sì há. Ó ní bó ṣe ń dún yìí, iná ni kò dé ibi tó yẹ kó dé, ọ̀rọ̀ orí ni.

Mo ní orí ta ni? Ó ní orí yẹn náà ni, bàbá, orí yẹn ni kò dáa. Ọmọ mi, lọ́jọ́ mìíràn ilé bàbá rẹ̀ ni ǹ bá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, ṣùgbọ́n mo gbé e mì nítorí ìyá rẹ. Ó bi mí pé ṣé nǹkan funfun ti hù sí orí náà. Mo ní ó ti pẹ́, kí a tó bí àbúrò rẹ ló ti ń hù. Ó ní háà, ohun tó fà á nìyẹn, kí a gbé omi kaná, kí a dà á sí orí náà ní gbígbóná, kí a sì fi sáńpépà tí káfíńtà fi ń ha igi ha gbogbo funfun yẹn títí tí yóò fi máa dán.

Mo ti ka ìwé díẹ̀ láyé mi, mi ò sì rí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ewú ẹni tó ń wakọ̀ máa ń dí iná lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ayé tí a ti ń fọwọ́ ra gíláàsì tí gíláàsì ń dáhùn, ta ló mọ ohun tí mọ́tò ń wò lára ènìyàn? Ìyá rẹ ti ń táràrà ògiri lọ gbé omi kaná. Mo gbé àga wá sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, mo ṣí fìlà, mo tẹ orí sórí bàsíà. Mo ní bó bá jẹ́ pé ohun tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà nìyí, kí ó bu omi náà wá, àmọ́ kí ó ṣàánú mi, kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní gbígbóná ni Rewáyà wí.

Ohun tó gbà mí ni pé Rewáyà tún pè, ó ní kí a kọ́kọ́ ya fọ́tò orí náà fi ránṣẹ́ sí òun. Mo dé fìlà dúdú mi padà, torí mi ò lè fi orí lásán ránṣẹ́ sí ọmọ ọlọ́mọ. Ìyá rẹ ló yà á, o sì mọ bí ojú rẹ̀ ti rí nígbà náà. Rewáyà ní fọ́tò náà ṣú, ìdérí dúdú nìkan lòun rí, kí a ṣí i. Mo ṣí fìlà, a tún un yà. Ìyẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo kàn ń gbọ́ ariwo kan tí mo rò pé ẹkún ni. Nígbà tó rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó ní bàbá, ẹ forí jì mí, orí bátìrì ni mò ń wí, ibi tí wáyà ti so mọ́ bátìrì.

A ṣí bónẹ́ẹ̀tì. Bátìrì náà ti hu ewú ju èmi lọ. A da omi sí i, mo ha á, mo fi sípánà dè é pinpin, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì bú! Ìyá rẹ ń pàtẹ́wọ́, mo ń wakọ̀, a ò tilẹ̀ rántí ti ilẹ̀kùn ilé. Nọ́ọ̀sì ń pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí a yọ, láti géètì ọsibítù ló ti ń jẹ́ ẹ.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì lọ́jọ́ kejì, ó wò mí títí. Mo rò pé yóò sunkún ni. Ó ní ṣé bí mo ṣe ń fá irùngbọ̀n láti ọjọ́ yìí nìyí? Èmi ni mo sunkún.

Láti ìgbà náà mi ò sinmi. Ó ti rí òwú aláǹtakùn ní àjà, ó ti rí ibi tí ọ̀dà ti bó lára ògiri, ó ní inú ihò ni mo ń fi òun sí. Jọ̀wọ́, fi owó bátìrì tuntun ránṣẹ́, Rewáyà ní ti ìsinsìnyí ti gbìyànjú, kí o sì fi owó ọ̀dà lé e. Má gba báńkì fi í ránṣẹ́ o, wọ́n ní kí n kọ orúkọ tí ìyá mi ń jẹ́ kí ó tó lọ ilé ọkọ. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ bá a sọ, ẹni tó ti kú.

Ọ̀nà kò ní dí mọ́ ọ. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò gbà fún ọ. Àwọn ọmọ rẹ yóò tọ́jú rẹ bí o ti ń tọ́jú wa.

Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka ìwé yìí bí mo ti ń kọ ọ́. Ó ní ìlà mi wọ́, kí n gbé kálámù fún òun. Mo ti gbé e fún un.

Bàbá rẹ.

Ìyá rẹ nìyí. Kó àwọn ọmọ wá, mo fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n jọ.