Ìdílé Tó Ń Jẹ́ Àgbẹ̀

Èmi Ìyábọ̀, akọ̀wé ìjọ wa ní Dagenham nílùú òyìnbó, ni mo kọ ìwé yìí. Bàbá àgbà tó ń sọ̀rọ̀ kò lọ sílé ìwé. Ó ní òun fẹ́ bá bàbá òun tó ti kú sọ̀rọ̀ kí Sátidé tó dé, kí n má sì tún ọ̀rọ̀ òun ṣe.

Bàbá mi, ẹni tó kọ́ mi bí a ṣe ń di ọkọ́ mú,

Mopélọ́lá, ọmọ tí àkọ́bí mi fi sílẹ̀ kó tó kú, ń lọ sílé ọkọ. Ará Jámánì ni ọkọ náà. Mopélọ́lá ní òun yóò fi orúkọ wa sílẹ̀, òun yóò máa jẹ́ Bauer. Èmi ló yẹ kí n fà á lé wọn lọ́wọ́ ní Sátidé. Mo ní n kò ní lọ. Irú orúkọ wo nìyẹn? Ó dún bí ìgbà tí ajá bá ń gbó.

Nígbà tí àwọn ẹbí ọkọ náà wá mọ̀ wá nílé, mo béèrè oríkì wọn. Wọ́n ń wo ara wọn bí ewúrẹ́ tó ṣìnà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, bàbá ọmọkùnrin náà mú ìwé kan wá nípa orúkọ wọn, Mopélọ́lá sì ń túmọ̀ rẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹni tó ń bá èèyàn gbé abúlé kan náà ni wọ́n ń pè ní Bauer. Nígbà tó yá, ó di àgbẹ̀, iṣẹ́ sì di orúkọ ìdílé. Òun náà ni wọ́n ń pe àgò ẹyẹ, àti ọmọ ayò tó kéré jù nínú ayò òyìnbó tó ní ọba àti ayaba.

Àgbẹ̀ kẹ̀? Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ju ti ọmọ ìkókó lọ. Mo mú ọmọ rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ kékeré tí mo ń gbin ẹ̀fọ́ sí ní Rush Green, mo gbé ọkọ́ fún un. Ó kọ ebè kan, ó fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ béèrè pé, “Bàbá àgbà, ṣé ó ga tó?” Mo ní, “Ibojì eku lo mọ yẹn.”

Mopélọ́lá túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá ọmọ náà tó bá wa lọ, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó wá ní nílùú àwọn, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń bú èèyàn pé ará oko ni, kò lajú. Wọ́n fi bú òun nílé ìwé, wọ́n fi bú bàbá òun. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀ nínú wọn.

Ẹ wo èmi, Bàbá. Láti ìgbà tí mo ti dé Dagenham ni mo ti ń sọ fún gbogbo èèyàn pé akọ̀wé kóòtù ni yín. Mopélọ́lá pàápàá, bẹ́ẹ̀ ló mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fọ ọkọ́ yín kí ẹ tó fọ ẹsẹ̀ ara yín. Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ irọ́ mi níbi tí ẹ wà?

N kò tíì fẹ́ràn àwọn èèyàn náà. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, wọn yóò béèrè ẹni tó ni ìyàwó. Èmi ni n óò dìde. N óò sọ orúkọ yín àti iṣẹ́ tí ẹ ṣe, níṣojú àwọn tí mo parọ́ fún.

Ọmọ yín tó lágídí, tó sì fẹ́ràn yín.

Àmì ọwọ́ rẹ̀: X

Ẹlẹ́rìí: Dúró Adéògún, ọmọ ìjọ wa, àti Mopélọ́lá, ọmọ ọmọ rẹ̀, tó ka ìwé náà tán kó tó fọwọ́ sí i.